Mo Fi Fóònù Ọkọ Mi Dárí Ji Aminullah

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, mo fi fóònù ọkọ mi tó ti kú dárí ji ọkùnrin kan. Orúkọ ọkọ mi ni mo fi sí i. Ọkùnrin náà gbà pé ọkọ mi ló fèsì, ó sì gbé ìdáríjì náà lọ sí Mẹ́kà.

Jàrátù ni orúkọ mi. Aránṣọ ni mí ní Òmù-Àrán. Olùkọ́ ni Abdulkadir ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó kú ní oṣù kìíní. Muaz, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, wá láti Pọ́táàkọ́ọ̀tù. Ó sin bàbá rẹ̀, ó dúró di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó padà síbi iṣẹ́.

Ohun tó kù nínú pálọ̀ ni èmi, kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ fún àdúrà náà, tí àwòrán ọkọ mi àti ọjọ́ tó kú wà lórí rẹ̀, àti táńkì ẹja rẹ̀.

Táńkì gíláàsì ni, ó gùn tó àga ẹlẹ́ni méjì. Ẹja mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Iná kékeré kan wà lórí rẹ̀, bátìrì sólà sì ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà ń lò. Ẹja funfun kan wà nínú wọn tí orí rẹ̀ pupa bí ẹni tó dé fìlà. Onífìlà ni Tíṣà sọ ọ́.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti mọ́sáláṣí dé, á ya fótò ẹja kan, á fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja nínú ilé lórí Wọ́sáàpù. Àwọn ènìyàn inú ẹgbẹ́ náà pọ̀, wọn ò sì mọ ara wọn lójúkojú. Ó ní jálàbíà dúdú kan tó máa ń wọ̀ tó bá fẹ́ ya fótò.

"Bàbá Muaz, ẹja ni ẹ fẹ́ yà ni àbí ìsìnkú lẹ ń lọ?" Báyìí ni mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Gíláàsì ò mọ ẹja yàtọ̀ sí ènìyàn," á dáhùn. "Ẹni tó bá wọ aṣọ tó ń tàn, á yà á pọ̀ mọ́ ẹja. Jọ̀ọ́, bá mi paná."

Màá paná. Ọ̀rọ̀ tá a máa bá ara wa sọ lọ́jọ́ náà lè má ju ìyẹn lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ mi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù ni. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni, ni ẹnìkan bá kọ ìwé ẹ̀sùn èké mọ́ ọn. Wọ́n gbé e lọ kọ́ni ní ilé-ìwé kan tó jìnnà, lọ́nà Kàíámà. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Èmi àti Muaz wà ní Òmù-Àrán. Nígbà tó dé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ra táńkì, ó ń wo ẹja.

Aminullah Kolo, ọmọ Ṣàárẹ́, ló kọ ìwé náà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, yàrá olùkọ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ó kó lọ sí Mínná, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Òun náà ń sin ẹja. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù yẹn, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn kì í dá èkejì lóhùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ fi wà nílé, láìṣe ọ̀ṣọ́. Mo kó aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi fún àwọn oníbàárà, mo ti ẹ̀rọ ìránṣọ sí kọ̀rọ̀. Mo wọ jálàbíà dúdú ọkọ mi.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Bíntù, máa ń gun ọ̀kadà láti Èsìẹ́ wá wò mí. Wọ́n ti bí i dáadáa kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé wọn, nítorí náà ìyàwó ló ń pè mí, Àǹtí lèmi náà ń pè é.

"Ìyàwó, aṣọ ọkùnrin lo wọ̀ yẹn o."

"Tiẹ̀ ni, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé tiẹ̀ ni. Ṣé o ti jẹun?"

Tó bá ti lọ, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún rí ẹni jókòó tì mí. Àwọn tó ń kí mi láti ẹnu ọ̀nà ò wọlé. Mo ń bọ́ ẹja.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, fóònù Tíṣà dún lórí tábìlì. Mo mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, ọdún tá a bí Muaz ni. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ló ń wá a. Mo pinnu láti sọ fún wọn pé ó ti kú. Kí n tó kọ ọ́, mo ka ohun tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ni mo kà, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ọkọ mi ń dá àpárá níbẹ̀. Ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ọmọ wọn. Ẹnìkan bi í pé kí ló ń ṣe tí kò fi sí àwòrán iná mìíràn nínú gíláàsì rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ìyàwó mi ló ń bá mi paná. Láìsí i, fótò ò sí." Kò sọ ọ́ fún mi rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé: "Mo fẹ́ sọ fún yín pé." Mi ò tíì débi kankan tí ọ̀kan nínú wọn, Ọládayọ̀ ará Ìbàdàn, fi kọ ọ́ pé:

"Ẹ wò ó, Tíṣà ń kọ̀wé! Tíṣà ti dé!"

Wọ́n ti rí i lórí fóònù wọn pé ẹnìkan ń tẹ̀wé. Gbogbo wọn tú jáde bí ọmọ ilé-ìwé. "Tíṣà, níbo lẹ gbà lọ?" "Bàbá, a ti sọ pé ẹ ti fi ẹja jẹ ẹ̀bà." "Ọjọ́ Jímọ̀ ò dùn láìsí yín."

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo kọ ọ́ pé, "Ara mi ni kò yá." Ìyẹn nìkan.

Mo sọ fún ara mi pé tó bá di Jímọ̀, màá là á fún wọn. Nígbà tí Jímọ̀ dé, mo ya fótò.

Fótò àkọ́kọ́ burú. Iná fóònù gbá gíláàsì, gbogbo rẹ̀ sì funfun báláú. Nínú ìkejì, ẹja dà bí omi ọṣẹ tó ń sá lọ. Mo wá jókòó, mo ń rántí gbogbo ohun tí Tíṣà máa ń kùn sínú. Mo fi aṣọ tútù nu gíláàsì, láìfi ọṣẹ sí i. Mo fa kọ́tìnì, mo paná pálọ̀, mo fi iná orí táńkì nìkan sílẹ̀. Mo pa iná ara fóònù. Mo gbé ojú fóònù lé gíláàsì gan-an, láìjẹ́ kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mi ò sáré tẹ̀ lé ẹja. Mo dúró síbi tí Onífìlà ti máa ń yí padà, nítorí pé tó bá fẹ́ yí, á dúró díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rìndínlógún. Ẹyọ kan dára. Mo wọ dúdú, gíláàsì ò rí mi.

"Tíṣà! Àìsàn yìí mà tún ọwọ́ yín ṣe o!" Ọládayọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, èmi nìkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kà mí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó: irọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ láti Àkúrẹ́, Fìyìnfólúwa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táńkì. Ó ń bi mí ní ìbéèrè.

"Bàbá, kí ló dé tí omi mi fi rí bí ogì nínú fótò?"

"O ti fún wọn lóúnjẹ jù. Ya fótò kí o tó bọ́ wọn, má yà á lẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá mi. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ kan, a fẹ́ gbọ́ yín."

"Ọ̀fun ń dùn mí."

Ọ̀fun dùn mí fún oṣù mẹ́ta. Ààwẹ̀ dé. Níwájú táńkì ni mo ti ń ṣínu, èmi àti fóònù. Àwọn ẹlẹ́ja á béèrè pé kí ni Tíṣà fi ṣínu lónìí, màá sọ fún wọn. Òótọ́ ni mo ń sọ nípa oúnjẹ náà. Ní ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Muaz pè mí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, ọ̀rọ̀ kan wọlé tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

"Abdulkadir, èmi Aminullah Kolo ni. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo ń jowú rẹ. Mò ń lọ sí Mẹ́kà lóṣù yìí. Wọ́n sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ alálàájì pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì lọ sí ilé Ọlọ́run. Nítorí Ọlọ́run, dárí jì mí."

Mi ò dáhùn. Ọjọ́ kejì, ó pè nígbà mẹ́ta. Mo wo fóònù tó ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ọjọ́ kẹta, ó tún kọ̀wé:

"Mo rí i pé o ka ọ̀rọ̀ mi. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Màá wọkọ̀ wá sí Òmù-Àrán lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ lójúkojú."

Tó bá wá, á bá ilé opó. Á padà lọ sọ fún ẹgbẹ́. Gbogbo ẹni tó ń kí Tíṣà ní ọjọ́ Jímọ̀ á mọ ẹni tí wọ́n ń kí. Mi ò ro ti Ọlọ́run, mi ò ro ti Aminullah, mi ò ro ti ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo rò.

Mo kọ ọ́ pé: "Má wulẹ̀ wá. Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Máa lọ ní àlàáfíà."

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi kọ ọ́. Ó rọrùn fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Aminullah fèsì: "Mo sunkún bí ọmọdé lónìí. Ìyàwó mi náà ń kí ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kan ara wa tí mo bá dé."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbéra.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, opó mi parí. Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi wá. Mo wẹ̀. Àlùfáà Sulaiman, tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ṣe àdúrà. Àǹtí Bíntù bọ́ jálàbíà kúrò lọ́rùn mi, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn. Ó gbé àǹkárá aláwọ̀ ọsàn kan fún mi, wọ́n ti rán an sílẹ̀. Wọ́n lé làálì sí mi lọ́wọ́. Ó ṣí gbogbo kọ́tìnì.

"Kí ìmọ́lẹ̀ wọlé! Ilé yìí ti ṣókùnkùn jù. Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́."

Àǹtí Bíntù sùn tì mí. Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti mọ́sáláṣí dé, Àǹtí wà ní ilé ìdáná, èmi sì gbé fóònù. Onífìlà wá síwájú fúnra rẹ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìpẹ́ ara rẹ̀ ló ṣeé kà. Mi ò ya fótò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, Tíṣà náà ò yà á rí. Ayọ̀ mi pọ̀, ojú ẹja nìkan ni mo wò. Mo fi í ránṣẹ́.

Ọládayọ̀ ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Tíṣà! Ta nìyẹn? Ta ló wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn nínú gíláàsì yín?"

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, làálì ni!" Fìyìnfólúwa nìyẹn. "Bàbá, ẹ ṣe yìgì, ẹ ò pè wá!"

"Áà, bàbá yìí ní ara òun ò yá, ìyàwó ló ń gbé lábẹ́lẹ̀!"

Mo ṣí fótò náà. Lẹ́yìn Onífìlà, obìnrin kan dúró nínú omi, aṣọ rẹ̀ ń tàn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn obìnrin náà, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kún ara ògiri.

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Aminullah kọ ọ́ pé:

"Ẹ fẹ fótò yẹn, kí ẹ yí òsì rẹ̀ sí ọ̀tún, nítorí gíláàsì ti dá ìwé ibẹ̀ sí òdì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri."

Mo fẹ̀ ẹ́: àwòrán Tíṣà àti ọjọ́ tó kú ló hàn lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Fóònù dún. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Mo gbé e, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e.

Mo gbọ́ ariwo ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Muaz."

"Ẹ ǹlẹ́, Bàbá."

"Níbo ni Abdulkadir wà?"

"Ó ti kú."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù kìíní."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pe orúkọ ẹlòmíràn nítòsí rẹ̀.

"Ta ló dárí jì mí?"

"Èmi ni."

"Ìyá Muaz, mo ti fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ yẹn yípo Káábà, ilé Ọlọ́run, nígbà méje. Mo ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá yí i. Ta ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó pa fóònù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Àǹtí Bíntù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ.

"Gbé fóònù yẹn wá."

Ó kà á. Kò yára kàwé, ó sì kà á tán. Mo dúró.

"Ìyàwó, a sin ẹ̀gbọ́n mi, o tún hú u jáde?"

"Àǹtí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé èmi ò wá ni?"

"Ẹ wá."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ ń pa ọ́? Èsìẹ́ jìn ni? Ọ̀kadà ò sí?"

Ó fi ṣíbí náà sórí táńkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi àti ẹ̀ bá ara wa sunkún. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tá a jọ sunkún nítorí ikú yẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo kọ òtítọ́ sínú ẹgbẹ́. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ọládayọ̀ ò dáhùn. Fìyìnfólúwa nìkan ló kọ ọ́ pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà." Alábòójútó ẹgbẹ́ yọ nọ́ńbà Tíṣà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlùfáà Sulaiman. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò pariwo.

"Ìyá Muaz, èyí tó jẹ́ ti Bàbá Muaz, ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè tú u. Ẹnu náà ti pa dé, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Kí Aminullah máa tọrọ àforíjìn fún un, kó máa ṣe sàárà ní orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ìwé yẹn ṣẹ ẹ̀yin náà. Ta ló gbé láìsí ọkọ fún ọdún mẹ́ta?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀tọ́ tiyín wà níbẹ̀ nígbà náà. Ìyẹn lẹ lè fún un, ní orúkọ ara yín. Ohun tó jẹ́ tiyín wà nílẹ̀, ẹ lọ mú èyí tí kì í ṣe tiyín."

Mo padà sílé, mo fi fóònù tèmi kọ̀wé sí Aminullah. Mo sọ ohun tí àlùfáà sọ nípa sàárà fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí fún irọ́ tí mo pa fún un. Ọjọ́ gun òkè Àráfà kọjá, iléyá kọjá. Ó dáhùn lẹ́yìn tó ti padà dé Mínná.

"Ìyá Muaz, mo ti dárí jì yín. Orí òkè Àráfà ni mo ti ṣe é. Sàárà tí àlùfáà sọ, mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ń bẹ yín wàyí, ẹ̀yin, kì í ṣe Abdulkadir. Ẹ dárí jì mí fún ọdún mẹ́ta yẹn."

Mo jókòó síwájú táńkì láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti kọ ní oṣù karùn-ún, mo wá a tì. Mo rí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Mo rí èyí tó ti Kàíámà dé, tó ń wo omi. Nígbà tí mo fi orúkọ ọkọ mi dárí jì í, kò ná mi ní nǹkan kan. Èyí tó jẹ́ tèmi ló wúwo.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà nínú ilé tó dákẹ́, tí ìdákẹ́jẹ́ bá ń pa yín, ẹ pe ẹnìkan kó wá jókòó tì yín. Ẹ má ya ẹnu òkú lò.

Mi ò ya fótò ẹja mọ́. Méjì ti kú nínú wọn, ó ku mẹ́sàn-án. Onífìlà wà níbẹ̀. Àǹtí Bíntù ń wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí tí Aminullah ti kọ̀wé sí mi. Mi ò tíì dá a lóhùn.